Bí a ṣe ń gbé VLC àti mpv, ohun ìwo fídíò méjì, sórí Linux, tá a sì ń dì í sórí fláàṣì kí gbogbo ilé lè lò ó láì tún ra dátà

Tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé Ubuntu tàbí Linux Mint sórí lápútọ́ọ̀pù, ohun tó sábà máa ń kọ́kọ́ da èèyàn láàmú ni pé fíìmù tẹ́ ẹ kó wá lórí fláàṣì ò ní ṣí, tàbí kó ṣí kí ohùn máa jáde kí ojú rẹ̀ dúdú kirikiri, ẹlòmíì á sì ti fẹ́ padà sí Windows lójú ẹsẹ̀. Ẹ má tíì padà o. Lápútọ́ọ̀pù yín ò bàjẹ́, Linux náà ò sì bàjẹ́. Kódẹ́ẹ̀kì ni ò sí níbẹ̀, ìyẹn àwọn fáìlì tó mọ bí wọ́n ṣe ń tú fídíò H.264, H.265 àti ohùn AAC, ọ̀rọ̀ páténtì wà lórí wọn láwọn orílẹ̀-èdè kan, ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í kó gbogbo ẹ̀ mọ́ ọn látilẹ̀.

Ọ̀rọ̀ bí ẹ ṣe máa rí fíìmù wò nìkan kọ́ ni mo fẹ́ sọ. Dátà wọ́n. Ní họ́sítẹ́ẹ̀lì kan ní Under G níbí, ní Ògbómọ̀ṣọ́, èèyàn mẹ́fà lè wà lójú pálọ̀ kan tí gbogbo wọn á máa dáńlóòdù nǹkan kan náà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí kálukú á sì máa ná owó tiẹ̀. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan á dáńlóòdù, á dì í dáadáa, àwọn yòókù á gbà á lórí fláàṣì. Linux mú kí ìyẹn rọrùn gan-an, àwa la ò kì í sábà lò ó. Nítorí náà ìdajì ọ̀rọ̀ mi á dá lórí bí ẹ ṣe máa gbé VLC àti mpv sórí lápútọ́ọ̀pù tiyín, ìdajì tó kù, tó sì jẹ mí lógún jù, á dá lórí bí ẹ ṣe máa dì í fún ẹlòmíì.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó wà lọ́wọ́ yín

Ẹ tẹ Ctrl+Alt+T kí tẹ́mínà ṣí, ìyẹn fèrèsé tá a ti ń fi ọ̀rọ̀ pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, kẹ́ ẹ wá tẹ àṣẹ méjì yìí lọ́kọ̀ọ̀kan:

```
cat /etc/os-release
dpkg --print-architecture
```

Èyí àkọ́kọ́ á sọ orúkọ àti nọ́ńbà fún yín, bóyá Ubuntu 22.04, Ubuntu 24.04 tàbí Debian 12. Tó bá jẹ́ Mint, ẹ wá ìlà tó ní UBUNTU_CODENAME, tẹ́ ẹ bá rí jammy ó ń bá 22.04 rìn nìyẹn, tó bá jẹ́ noble, 24.04 ni. Èkejì á sọ irú kọ̀ǹpútà tó jẹ́. Ọ̀pọ̀ lápútọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tá à ń rà á sọ pé amd64, kódà bó bá tiẹ̀ jẹ́ Intel ló wà nínú ẹ̀, kẹ́ ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn rú yín lójú. Tó bá sọ pé i386, 32-bit ni, ìyẹn irú ti àtijọ́, Ubuntu ti pa ìyẹn tì tipẹ́, Debian 12 ṣì gbà á, àmọ́ Debian 13 tó jáde lọ́dún 2025 ò ní ìnsítọ́là fún un mọ́.

Ẹ kọ nǹkan méjèèjì yìí sílẹ̀, torí a máa tó lò ó. Ohun tẹ́ ẹ bá dì láti orí 22.04 ò ní ṣiṣẹ́ lórí 24.04. Láìbrarì tó ń tú fídíò (láìbrarì ni fáìlì tí ètò mìíràn gbára lé kó tó lè ṣiṣẹ́), libavcodec, libavcodec58 ló ń jẹ́ lórí 22.04, libavcodec59 lórí Debian 12, libavcodec60 lórí 24.04, ọ̀kan ò sì lè rọ́pò èkejì.

Gbígbé e sórí lápútọ́ọ̀pù tiyín

apt ni irinṣẹ́ tí Ubuntu fi ń wá ètò wá tó sì ń gbé e sórí ẹ̀, sudo ló sì ń fún un ní agbára alábòójútó:

```
sudo apt update
sudo apt install vlc mpv
```

Tó bá ní kẹ́ ẹ tẹ páàsíwọ́ọ̀dù, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ lọ, kò ní hàn lójú iboju rárá, bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, ẹ ṣáà tẹ̀ ẹ́ tán kẹ́ ẹ tẹ Enter. Tó bá dáhùn pé "Unable to locate package", apá kan nínú ibi tí Ubuntu ń kó ètò sí, tí wọ́n ń pè ní universe, ni ò tíì ṣí, ẹ tẹ `sudo add-apt-repository universe`, kẹ́ ẹ tún ṣe apt update, ó ti parí.

Kó tó bẹ̀rẹ̀ á bi yín pé Y àbí n. Ẹ dákun, ẹ má kàn tẹ Y. Ẹ ka ìlà tó wà lókè ẹ̀, "Need to get" iye MB báyìí, iye dátà tó máa jẹ nìyẹn gan-an. Ẹni tí dátà ẹ̀ ò tó á mọ̀ nígbà yẹn, á tẹ n, á sì dúró di alẹ́ nígbà tí dátà òru bá ń ṣiṣẹ́.

Èwo nínú méjèèjì lẹ máa lò? Ẹ gbé méjèèjì sórí ẹ̀. VLC làwọn èèyàn mọ̀ jù, àwọn ọmọ iléèwé École Centrale Paris ní ilẹ̀ Faransé ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà lọ́dún 1996, ó wá di ti gbogbo ayé lọ́dún 2001 nígbà tí wọ́n gbé e jáde lábẹ́ GPL, ìyẹn láìsẹ́nsì tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè lò ó kó sì pín in. Ó ní mẹ́nù, ó ní bọ́tìnì, Màmá lè lò ó láìsí pé ẹnì kan jókòó tì wọ́n, kódà àwọn fáìlì .DAT tó wà nínú fóódà MPEGAV lórí VCD fíìmù Yorùbá àtijọ́ máa ń ṣí nínú ẹ̀. mpv ní tiẹ̀ kò ní mẹ́nù, kíbọ́ọ̀dù lẹ máa fi darí ẹ̀, àmọ́ lápútọ́ọ̀pù tí kò lágbára, mpv ni mo máa ń gbé fún olówó ẹ̀, torí kì í jẹ́ kó wúwo.

Ẹ máa rí àwọn tó máa ní kẹ́ ẹ lo Snap tàbí Flatpak, ọ̀nà méjì mìíràn tí wọ́n ń gbà gbé ètò sórí Linux. Méjèèjì dára, wọ́n sábà máa ń ní ẹ̀dà tuntun ju ti apt lọ. Ṣùgbọ́n Flatpak á kọ́kọ́ dáńlóòdù runtime, ìyẹn ìpìlẹ̀ tó ń bá a rìn, tó lè tó ọgọ́rùn-ún MB lọ́nà púpọ̀ kó tó kan VLC gan-an. Fún ẹni tó ń ra dátà ní gíígì kan gíígì kan, apt ni kó lò. Ó sì tún ṣeé dì sórí fláàṣì ju àwọn yẹn lọ.

Ohun kan tún wà tí wọ́n máa ń sọ fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: pé kí wọ́n gbé ubuntu-restricted-extras sórí ẹ̀ kí fídíò tó lè ṣí. Tẹ́ ẹ bá ti gbé VLC tàbí mpv, ẹ ò nílò ẹ̀ fún fíìmù, torí àwọn méjèèjì máa ń mú libavcodec tiwọn wá, inú ibẹ̀ sì ni kódẹ́ẹ̀kì wà. Ẹni tó bá fẹ́ kí ohun tí Ubuntu fi ń wo fídíò látilẹ̀ náà ṣiṣẹ́, `sudo apt install gstreamer1.0-libav gstreamer1.0-plugins-ugly` tó fún un. Wàhálà restricted-extras ni pé ó ń mú fọ́ńtì Microsoft wá, á gbé ìwé àdéhùn kan sójú iboju tẹ́ ẹ máa tẹ Ok tẹ́ ẹ máa tẹ máòsì tí kò ní gbọ́, bọ́tìnì Tab lẹ máa fi dé orí Ok kẹ́ ẹ tó tẹ Enter, lẹ́yìn ìyẹn ó tún máa lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ wá fọ́ńtì náà fúnra ẹ̀. Torí ẹ̀ ni mi ò ṣe kì í fi í sínú ohun tí mo bá dì, ẹni tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì á kàn há síbẹ̀ ni.

Tí lápútọ́ọ̀pù bá ń gbóná tí fíìmù sì ń já

Èyí pọ̀ gan-an pẹ̀lú tòkunbọ̀. Fíìmù náà á ṣí o, àmọ́ á máa já, fáànù á máa pariwo, bátìrì á sì lọ sílẹ̀ kó tó pẹ́, tí NEPA ò bá sì mú iná wá ọ̀rọ̀ parí. Ohun tó fà á ni pé CPU, ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ló ń dá ṣe gbogbo iṣẹ́ títú fídíò nígbà tí apá kan wà nínú ṣípù náà tí wọ́n dìídì ṣe fún un. Ẹ gbé èyí sórí ẹ̀, á sọ irú fídíò tí apá yẹn lè tú fún yín:

```
sudo apt install vainfo
vainfo
```

Tí vainfo bá mú orúkọ bíi VAProfileH264 jáde, ó dáa. Tí kò bá mú irú ẹ̀ jáde, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé dráífà, ìyẹn ètò tó ń jẹ́ kí Linux lè lo ṣípù náà, ni ò sí: fún Intel láti Broadwell, ìyẹn jẹnaréṣọ̀n karùn-ún, lọ sókè, intel-media-va-driver ni, fún àwọn tó ti pẹ́ ju ìyẹn, i965-va-driver ni. Lẹ́yìn náà ẹ ṣí fíìmù pẹ̀lú `mpv --hwdec=auto-safe fiimu.mp4`, kẹ́ ẹ tẹ lẹ́tà i nígbà tó bá ń ṣeré lọ́wọ́. Á kọ gbogbo ohun tó ń ṣe sójú iboju, tẹ́ ẹ bá rí hwdec pẹ̀lú vaapi níbẹ̀, ṣípù yẹn ti ń bá a ṣe é.

Ibi tí àwọn èèyàn kì í fẹ́ gbọ́ ni pé àwọn fíìmù tí wọ́n kọ x265 tàbí HEVC (ìyẹn H.265) sí lára, tí sáìsì wọn kéré tí gbogbo èèyàn fẹ́ràn torí dátà, ṣípù Intel jẹnaréṣọ̀n kẹrin ò lè tú u fúnra ẹ̀. Láti Skylake, jẹnaréṣọ̀n kẹfà, ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í lè ṣe HEVC, èyí tó jẹ́ 10-bit, tí àwọ̀ ẹ̀ pọ̀ ju ti 8-bit lọ, sì di Kaby Lake, jẹnaréṣọ̀n keje. Tí tiyín bá kéré ju ìyẹn, kò sí dráífà tó máa ràn yín lọ́wọ́. Ẹ sọ fíìmù náà di H.264 nígbà tí iná bá wà:

```
sudo apt install ffmpeg
ffmpeg -i fiimu.mkv -c:v libx264 -pix_fmt yuv420p -preset veryfast -crf 23 -c:a copy fiimu-h264.mkv
```

Á pẹ́ díẹ̀, sáìsì ẹ̀ á sì tóbi ju ti tẹ́lẹ̀, àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ máa ṣe é. Ẹ má fo yuv420p yẹn, òun ló ń sọ 10-bit di 8-bit, láìsí ẹ̀ H.264 tẹ́ ẹ máa rí gbà náà lè má ṣeé tú fún ṣípù yín.

Àmì ohùn lórí sàbútáítù

Tẹ́ ẹ bá ń wo fíìmù tí wọ́n kọ sàbútáítù Yorùbá sí, tí ẹ, ọ, ṣ bá di àpótí kékeré tàbí kí àmì ohùn fò kúrò lórí lẹ́tà lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ẹ má gbà bẹ́ẹ̀. Èdè wa ò yẹ kó máa jáde bí ẹni tí wọ́n yọ eyín ẹ̀. Ẹ gbé `fonts-noto-core` sórí ẹ̀, kẹ́ ẹ lọ sí Tools, Preferences, Subtitles nínú VLC, kẹ́ ẹ yan Noto Sans ní fọ́ńtì, kẹ́ ẹ sì yan UTF-8, ọ̀nà ìtọ́jú lẹ́tà tó mọ gbogbo àmì Yorùbá, níbi Default encoding. Ẹni tó bá ń kọ sàbútáítù fúnra ẹ̀, kó rí i dájú pé UTF-8 ló fi tọ́jú fáìlì .srt náà, torí tó bá jẹ́ encoding àtijọ́ ló fi tọ́jú ẹ̀, fọ́ńtì kankan ò lè tún un ṣe.

Kíkó gbogbo fáìlì jọ

Ó yá, ìdí ọ̀rọ̀ la dé yìí. Àbúrò kan bi mí pé, "Bọ̀dá, ṣé mi ò kàn lè kó fóódà VLC látinú lápútọ́ọ̀pù tèmi sínú tọ̀rẹ́ mi ni?" Kò ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀. VLC nìkan kọ́ ló ń ṣiṣẹ́, ó ní àwọn láìbrarì rẹpẹtẹ tó gbára lé, ibi tí wọ́n wà ò sì dọ́gba. Àwọn fáìlì .deb, ìyẹn fáìlì tí wọ́n di ètò sí fún Ubuntu àti Debian, lẹ máa kó, àpapọ̀ wọn, kẹ́ ẹ jẹ́ kí apt tọ́jú ìyókù.

Ibi tó ti máa ń kọ́ àwọn èèyàn lẹ́sẹ̀ ni pé tẹ́ ẹ bá ní kí apt dáńlóòdù VLC lórí lápútọ́ọ̀pù tó ti wà tẹ́lẹ̀, àwọn láìbrarì tó ti wà níbẹ̀ ò ní tún wọlé, tẹ́ ẹ bá wá gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíì, á máa bèèrè wọn. Ọ̀nà tó dáa jù ni kẹ́ ẹ fi fláàṣì tẹ́ ẹ fi gbé Ubuntu sórí lápútọ́ọ̀pù bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ yan "Try Ubuntu". Ibẹ̀ á rí gẹ́lẹ́ bíi lápútọ́ọ̀pù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé Ubuntu sí, kò tíì sí VLC níbẹ̀ rárá. Ẹ so íntánẹ́ẹ̀tì fóònù yín mọ́ ọn, kẹ́ ẹ wá tẹ:

```
sudo add-apt-repository universe
sudo apt-get update
sudo apt-get install --download-only -y vlc mpv vainfo fonts-noto-core
```

Ó máa dáńlóòdù láì gbé e sórí ẹ̀. Gbogbo ẹ̀ á wà ní `/var/cache/apt/archives`. Ẹ kó gbogbo ohun tó parí sí .deb níbẹ̀ lọ sórí fláàṣì kejì kẹ́ ẹ tó pa á, torí RAM ni Ubuntu yẹn wà, tẹ́ ẹ bá ti pa á gbogbo ẹ̀ ti lọ, dátà yín náà ti lọ. Ẹ ṣàkíyèsí pé apt-get ni mo kọ, kì í ṣe apt: tí ẹnì kan bá fi apt gbé nǹkan sórí lápútọ́ọ̀pù, ó máa ń pa àwọn .deb náà rẹ́ lẹ́yìn tó bá ti parí, apt-get kì í pa tiẹ̀ rẹ́.

Ẹ sọ fóódà náà ní orúkọ tó ní nọ́ńbà Ubuntu nínú, bíi `fidio-2404`, kẹ́ni tó bá gbà á mọ̀ bóyá ó bá tiẹ̀ mu.

Dídi páńkéèjì tiyín

Kí ló dé tá a tún fẹ́ di tiwa nígbà tá a ti ní gbogbo .deb? Torí pé ohun tẹ́ ẹ ti kọ́ lókè yẹn, hwdec, ìwọ̀n ohùn, ọ̀nà tí fíìmù fi máa rántí ibi tó dé, ẹ ò ní fẹ́ máa jókòó ti ẹnì kọ̀ọ̀kan láti tún un ṣe. Ẹ kó o sínú páńkéèjì kékeré kan, ìyẹn .deb tiyín, ẹni tó bá gbé e sórí tiẹ̀ á rí bọ́tìnì kan nínú mẹ́nù, mpv á sì tẹ̀ lé e wá fúnra ẹ̀.

Ẹ ṣe é nínú Home yín, kì í ṣe lórí fláàṣì, mo máa sọ ìdí ẹ̀:

```
cd ~
mkdir -p wo-fidio/DEBIAN
mkdir -p wo-fidio/usr/bin
mkdir -p wo-fidio/usr/share/applications
nano wo-fidio/DEBIAN/control
```

Nínú nano, ìyẹn ibi ìkọ̀wé inú tẹ́mínà, ẹ kọ ọ́ báyìí:

```
Package: wo-fidio
Version: 1.0
Section: video
Priority: optional
Architecture: all
Depends: mpv, fonts-noto-core
Maintainer: Orúkọ Yín <imeeli@example.com>
Description: Ohun ìwo fídíò fún lápútọ́ọ̀pù tí kò lágbára
 Ó ń lo mpv pẹ̀lú ètò tó yẹ fún tòkunbọ̀,
 ó sì ń rántí ibi tí fíìmù dé.
```

DEBIAN gbọ́dọ̀ jẹ́ lẹ́tà ńlá. Orúkọ páńkéèjì gbọ́dọ̀ jẹ́ lẹ́tà kékeré láìsí àmì kankan lórí ẹ̀, kò ní gba ẹ tàbí ọ, àmọ́ níbi Description ẹ kọ Yorùbá yín pẹ̀lú gbogbo àmì ẹ̀, ó gbà á. Àwọn ìlà tó tẹ̀ lé ìlà Description àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àlàfo kan. Ẹ sì tẹ Enter lẹ́yìn ìlà tó kẹ́yìn pátápátá, tẹ́ ẹ bá fo ìyẹn ó lè pariwo pé "missing final newline" kó má sì dì í fún yín. Ctrl+O, Enter, Ctrl+X lẹ fi máa tọ́jú ẹ̀ kẹ́ ẹ sì jáde.

Èyí tó kàn ni `nano wo-fidio/usr/bin/wo-fidio`:

```
#!/bin/sh
exec mpv --player-operation-mode=pseudo-gui --hwdec=auto-safe --save-position-on-quit --volume-max=150 -- "$@"
```

Pseudo-gui ló ń jẹ́ kí fèrèsé ṣí kódà tí ẹ ò bá tíì mú fíìmù kankan, ẹ kàn fa fíìmù wọ inú ẹ̀. Save-position-on-quit ló ń jẹ́ kó rántí ibi tẹ́ ẹ dé, àmọ́ ìgbà tẹ́ ẹ bá fúnra yín pa á nìkan ni, tí bátìrì bá kú lójijì kò ráyè kọ ọ́ sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti rí i pé bátìrì fẹ́ tán, ẹ tètè pa mpv. Volume-max yẹn wà fún àwọn fíìmù tí wọ́n gba ohùn wọn sílẹ̀ tí kì í ròkè, ó ń jẹ́ kẹ́ ẹ lè gbé e kọjá 100 dé 150.

Lẹ́yìn náà `nano wo-fidio/usr/share/applications/wo-fidio.desktop`:

```
[Desktop Entry]
Type=Application
Name=Wo Fídíò
Comment=Wo fíìmù kó o sì gbọ́ orin
Exec=wo-fidio %U
Icon=mpv
Terminal=false
Categories=AudioVideo;Player;Video;
MimeType=video/mp4;video/x-matroska;video/webm;video/mpeg;audio/mpeg;
```

Wàyí o, ẹ fún wọn ní àṣẹ tó yẹ kẹ́ ẹ sì dì í:

```
chmod 755 wo-fidio/usr/bin/wo-fidio
chmod 644 wo-fidio/usr/share/applications/wo-fidio.desktop
dpkg-deb --root-owner-group -Zxz --build wo-fidio wo-fidio_1.0_all.deb
```

Root-owner-group ń sọ pé root, ìyẹn alábòójútó kọ̀ǹpútà, ló ni gbogbo fáìlì inú ẹ̀, láìsí ẹ̀ root kọ́ ló máa ni fáìlì náà lórí lápútọ́ọ̀pù ẹlòmíì. Mo fi -Zxz sí i torí Ubuntu ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo zstd látilẹ̀ láti fi fún .deb pọ̀, dpkg tó wà lórí Debian 11 ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń tú u. xz ń ṣí níbi gbogbo.

Ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ má ṣe é lórí fláàṣì rèé: fláàṣì tó jẹ́ FAT32 tàbí exFAT, bí wọ́n ṣe sábà máa ń ṣètò fláàṣì, kì í tọ́jú àṣẹ fáìlì ti Linux, gbogbo fóódà ibẹ̀ lè di 777, tó bá rí bẹ́ẹ̀ dpkg-deb á kọ̀ jálẹ̀, "control directory has bad permissions 777 (must be >=0755 and <=0775)". Ẹ lè máa tẹ chmod níbẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò ní yí padà. Ẹ gbé fóódà náà sínú Home, ẹ ṣe chmod 755 sí DEBIAN, ó parí. Bákan náà, ẹni tó bá fi Notepad orí Windows kọ wo-fidio yẹn, tó bá tẹ̀ ẹ́ nínú tẹ́mínà ó lè rí "not found" tàbí "bad interpreter" nígbà tó jẹ́ pé fáìlì náà wà níbẹ̀. Àmì kan tí ojú ò rí ni Windows fi sí ìparí ìlà kọ̀ọ̀kan, `sed -i 's/\r$//' wo-fidio/usr/bin/wo-fidio` á nu ún kúrò, kẹ́ ẹ wá tún un dì.

Kẹ́ ẹ tó gbé e fún ẹnikẹ́ni, ẹ wo inú ẹ̀:

```
dpkg-deb -I wo-fidio_1.0_all.deb
dpkg-deb -c wo-fidio_1.0_all.deb
```

-I á fi control hàn yín, -c á to gbogbo fáìlì inú ẹ̀. Ẹ wò ó bóyá `./usr/bin/wo-fidio` ní -rwxr-xr-x níwájú ẹ̀. Tí kò bá ní x, kò ní ṣiṣẹ́, bọ́tìnì ẹ̀ lè má tiẹ̀ hàn nínú mẹ́nù.

Sísọ fóódà náà di ibi tí apt lè mú nǹkan

Ẹ kó wo-fidio_1.0_all.deb mọ́ àwọn .deb yòókù nínú `fidio-2404`, kẹ́ ẹ wá ṣe èyí lórí lápútọ́ọ̀pù tiyín:

```
sudo apt install dpkg-dev
cd ~/fidio-2404
dpkg-scanpackages . /dev/null > Packages
sha256sum *.deb > SHA256SUMS
```

Fáìlì Packages ni apt máa kà láti mọ ohun tó wà níbẹ̀, SHA256SUMS sì ni àmì tẹ́ ẹ máa fi mọ̀ bóyá fáìlì kankan ti yí padà. Ẹ gbé gbogbo fóódà náà sórí fláàṣì. Nígbà tẹ́ ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ gbé e fún, ẹ kó fóódà náà sínú Home ẹ̀, kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, torí fláàṣì tó ti pẹ́ máa ń ba fáìlì jẹ́ láì sọ fún ẹnikẹ́ni:

```
cd ~/fidio-2404
sha256sum -c SHA256SUMS
```

Tí gbogbo ẹ̀ bá sọ OK:

```
sudo cp -r ~/fidio-2404 /opt/
sudo chmod -R a+rX /opt/fidio-2404
echo "deb [trusted=yes] file:/opt/fidio-2404 ./" | sudo tee /etc/apt/sources.list.d/fidio.list
sudo apt update
sudo apt install wo-fidio vlc
```

Apt update á pariwo pé òun ò rí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ má dá a lóhùn, ó ti ka ti /opt. Ẹ fi í sí /opt torí pé nǹkan kan wà tó ń jẹ́ _apt, òun ni apt ń lò láti fi mú fáìlì, kò sì ní àṣẹ láti wọ inú Home ẹlòmíì. Lóòótọ́ ẹ lè tẹ `sudo apt install ./*.deb` kẹ́ ẹ sì lọ, ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ìyẹn á fẹ́ gbé gbogbo .deb tó wà níbẹ̀ láìka pé lápútọ́ọ̀pù náà nílò ẹ̀ àbí kò nílò ẹ̀. Ọ̀nà ti Packages yìí, apt á mú kìkì ohun tó nílò, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn ẹ̀ jù.

Trusted=yes yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mọ ohun tó túmọ̀ sí. Apt kì í gba nǹkan tí kò ní ìfọwọ́sí, àwa la sọ fún un pé kó gba èyí láìsí ìfọwọ́sí. SHA256SUMS ò lè gbà yín lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ fi nǹkan burúkú síbẹ̀, torí òun náà lè kọ SHA256SUMS tiẹ̀. Fóódà tẹ́ ẹ fúnra yín dì tàbí tí ẹni tẹ́ ẹ mọ̀ dájú dì nìkan ni kẹ́ ẹ máa lò báyìí. Fláàṣì tí ẹnì kan tẹ́ ẹ ò mọ̀ rí bá gbé fún yín ní Tákìé, ẹ má gbà á. Tẹ́ ẹ bá sì ti gbé e tán, ẹ yọ ìlà náà kúrò:

```
sudo rm /etc/apt/sources.list.d/fidio.list
sudo apt update
```

VLC á ṣì máa ṣiṣẹ́. Tẹ́ni náà bá wá rí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ kan, `sudo apt upgrade` á gbé ẹ̀dà tuntun tí wọ́n ti tún àléébù ẹ̀ ṣe wá láti ọ̀dọ̀ Ubuntu fúnra ẹ̀, kó má fojú di ìyẹn o, torí fáìlì fídíò tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ bàjẹ́ lè gba ibi àléébù nínú ohun ìwo fídíò wọ inú lápútọ́ọ̀pù.

Tẹ́ ẹ bá yí nǹkan kan padà nínú wo-fidio tiyín, ẹ yí Version di 1.1 kẹ́ ẹ tó tún un dì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ apt á sọ pé òun ti ní in. Ẹ pa 1.0 rẹ́ nínú fóódà, kẹ́ ẹ tún dpkg-scanpackages àti sha256sum ṣe. Ẹni tí kò bá sì fẹ́ ẹ mọ́, `sudo apt remove wo-fidio` á yọ ọ́, mpv á ṣì wà níbẹ̀ àyàfi tó bá tún tẹ `sudo apt autoremove`, kó kọ́kọ́ ka orúkọ àwọn tí autoremove fẹ́ yọ kó tó tẹ Y.